Ẹni Tó Ni Orúkọ, Ṣé Òun Náà Ló Ni Òṣìṣẹ́?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn oúnjẹ, torí mo mọ̀ pé tí iyán bá ti wọlé tán, ọ̀rọ̀ òfin kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé mọ́. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ nípa franchise, ìyẹn kéèyàn sanwó kó lè máa fi orúkọ ẹlòmíì ṣòwò, pé ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló ti rà á, àwọn kan ra ti ìtọ́jú arúgbó nílé, àwọn kan ra ti ká máa gbálẹ̀ ọ́fíìsì lálẹ́, àwọn míì ṣì ń kówó jọ. Mo gbà, àmọ́ mi ò ní sọ bẹ́ ẹ ṣe máa rà á, àwọn tó ń tà á ti sọ ìyẹn fún yín tó. Ohun tó wà nínú ikùn ọ̀rọ̀ náà tí wọn kì í sọ ni mo bá wá: òfin méjì ló di okùn kan ṣoṣo mú, ọ̀kan ń fà á sọ́tùn-ún, èkejì ń fà á sósì, àwa tá a ra orúkọ àtàwọn tá a gbà síṣẹ́ la sì wà láàárín.

Ẹ jẹ́ n fi àmàlà bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá kan wà n'Íbàdàn tó ń ta àmàlà, ọbẹ̀ ẹ̀ yàtọ̀, àwọn èèyàn ń ti Èkó wá jẹ ẹ́. Àbúrò ẹ̀ tó wà l'Ékòó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n fi orúkọ yín sójú ṣọ́ọ̀bù mi, màá máa fi nǹkan ránṣẹ́ lóṣooṣù." Ìyá ní kò burú. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn ni láísẹ́ǹsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ò ta orúkọ, ó yá a ni. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn l'Ékòó ò mọ àbúrò rí, orúkọ ìyá ló rí tó fi yà wọlé. Tí gbẹ̀gìrì bá wá kan, tí àmàlà ń ṣe kókó, ta ni wọ́n máa bú? Ìyá ni, níbi tó jókòó sí n'Íbàdàn tí ò mọ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí òfin àmì òwò, ohun tí wọ́n ń pè ní trademark, fi sọ fún ẹni tó ni orúkọ pé tó o bá yá èèyàn lórúkọ, o gbọ́dọ̀ máa lọ ṣí ìkòkò wò. Ní Amẹ́ríkà níbí, Lanham Act tí Ààrẹ Truman buwọ́ lù ní 1946 ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíì lè máa lo àmì rẹ, kó sì dà bíi pé ìwọ gan-an lò ń lò ó, àmọ́ ìwọ lo gbọ́dọ̀ máa darí irú ọjà tó ń tà àti bó ṣe dára tó. Kí òfin yẹn tó dé, àwọn adájọ́ kan tiẹ̀ gbà pé èèyàn ò lè yá orúkọ rárá, pé ẹ̀tàn ni fún oníbàárà.

Tí o ò bá wá darí ńkọ́? Orúkọ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Àwọn lọ́yà ní orúkọ fún un, láísẹ́ǹsì oníhòòhò ni wọ́n ń pè é, ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní kọ́ọ̀tù.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹbí Yorùbá gbọ́. Ẹbí kan ní agbègbè Chicago ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyàwó, Eva's Bridal, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 1966. Nígbà tó yá wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹnì kan nínú ẹbí, wọ́n ní kó máa lo orúkọ náà lọ, kó máa san $75,000 lọ́dún. Kọ́ńtráàtì parí ní 2007, ó ṣì ń lo orúkọ, kò sanwó mọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ kọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin náà á rò pé ó ti jẹ̀bi, àbí? Kọ́ọ̀tù bi àwọn olórúkọ pé kí lẹ ṣe ní gbogbo ọdún tó ń lo orúkọ yín, ẹ sọ irú aṣọ tó máa tà fún un? Rárá. Ẹ sọ bó ṣe máa ṣe sí oníbàárà? Rárá. Ẹ tiẹ̀ lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà? Wọ́n ní ìwà ẹ̀ ò kọ àwọn lóminú, aṣọ gidi ló ń tà. Adájọ́ Easterbrook ní 2011 ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé aṣọ dára nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ lórí bó ṣe máa dára ni, ẹ̀yin ò sì mú àṣẹ kankan dání. Orúkọ lọ. Mọ̀lẹ́bí ò gba ara wọn gbọ́ jù báyìí lọ, ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn náà ló sì gba orúkọ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀kan tún wà ti ọtí wáìnì, Barcamerica, 2002. Bàbá tó ni orúkọ yẹn ní òun máa ń tọ́ ọtí náà wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹni tó ń pọn ọ́n fún àwọn tóun yá lórúkọ lókìkí káàkiri ayé. Kọ́ọ̀tù ní títọ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn kì í ṣe ìdarí, orúkọ ti bọ́. Ẹ rí i pé òfin yìí ò ṣeré. Ọ̀gá tó bá jókòó sílé tó ń gba owó orúkọ nìkan, ó ń fi orúkọ ẹ̀ ṣòfò ni.

Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká kọjá sílé kejì, ilé òfin òṣìṣẹ́.

Òfin òṣìṣẹ́ ò bèèrè ta ló ni orúkọ. Ohun tó ń bèèrè ni pé ta ló ń darí ẹ? Ta ló ń sọ àsìkò tó o máa dé, aṣọ tó o máa wọ̀, bó o ṣe máa kí oníbàárà, iye ìṣẹ́jú tí bọ́gà ò gbọ́dọ̀ kọjá? Tó bá darí ẹ tó, ọ̀gá ẹ nìyẹn, kódà kó má jẹ́ òun ló ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì owó oṣù ẹ. Àwọn baba wa ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹrú o, àmọ́ ibẹ̀ náà ni òfin yìí ń lọ: tó o bá di ọ̀gá, gbèsè náà di tìẹ, ófátáìmù, owó ìfarapa, ọ̀rọ̀ kí ẹnì kan fọwọ́ pa ọmọbìnrin lára níbi iṣẹ́, gbogbo ẹ̀.

Ṣé ẹ ti rí wàhálà ibẹ̀? Òfin àmì òwò ní dì í mú, tó o bá fi sílẹ̀ o ti pàdánù ẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ní tó o bá dì í mú jù, ìwọ lọ̀gá. Kò tiẹ̀ mọ síbẹ̀, àjọ FTC tó ń mójú tó títa franchise, nǹkan mẹ́ta ló fi ń mọ ohun tó jẹ́ franchise: orúkọ tàbí àmì, owó tí wọ́n san, àti ìdarí tàbí ìrànlọ́wọ́ tó lágbára. Ìdarí yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ọ̀gá àwọn búráńdì ò lè sọ pé òun ò darí ẹnikẹ́ni, torí tó bá sọ ọ́, ó ń jẹ́rìí lòdì sí orúkọ ara ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń yọ jáde? Lọ́yà wọn kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa torí pé èmi náà ti kọ ọ́ rí fún àwọn tó ń sanwó fún mi: di písà mú, má di ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun mú. Ìyẹn ni pé sọ̀rọ̀ nípa ọjà bó o ṣe fẹ́, bí ìyẹ̀fun ṣe máa nípọn tó, àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù, bí gíláàsì ṣe máa mọ́ tó, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n máa gbà síṣẹ́, ta ni wọ́n máa lé, èló ni wọ́n máa san, kó ọwọ́ ẹ kúrò. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n ń fún franchisee, ìyẹn ẹni tó ra franchise, nísinsìnyí, ibi tó ti kan òṣìṣẹ́, "àbá" ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, wọn kì í kọ "àṣẹ".

Ẹjọ́ Domino's tó ń ta písà, ní California, 2014, ló fi ẹsẹ̀ èyí múlẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ti franchisee, ó ní igbákejì mánéjà ń fọwọ́ pa òun lára. Wọ́n pe Domino's mọ́ ẹjọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́rìí pé aṣojú Domino's sọ fún òun pé òun gbọ́dọ̀ lé ọkùnrin yẹn. Ẹ̀rí tó le nìyẹn, àbí ẹ̀ ń rò pé kò le? Kọ́ọ̀tù tó ga jù ní California ní rárá, ìwé nípọn lóòótọ́, òfin búráńdì pọ̀, àmọ́ ẹni tó ń gba èèyàn, tó ń kọ́ wọn, tó ń bá wọn wí lójoojúmọ́, franchisee ni. Adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta. Ẹ rántí mẹ́ta yẹn o, torí tí ẹnì kan ṣoṣo bá yíjú padà níbẹ̀, gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì franchise ní ìpínlẹ̀ yẹn ni ì bá yí padà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti McDonald's, ẹjọ́ Salazar, ọdún 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ ní agbègbè Oakland, ṣọ́ọ̀bù franchisee ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ka wákàtí iṣẹ́, ti McDonald's ni: McDonald's ló ní kí wọ́n máa fi ṣí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì máa fi tì í lójoojúmọ́, franchisee wá yàn láti máa fi ka wákàtí pẹ̀lú. Tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni sọ́fítíwíà yẹn kọ gbogbo wákàtí ẹ̀ sí. Ẹni tó wá dé lálẹ́ Mọ́ńdè, tó ṣe é wọ ìdájí Túsìdè, tó tún padà wá ní ọ̀sán Túsìdè, wákàtí ìdájí yẹn kì í wọ inú ìṣirò Túsìdè, bẹ́ẹ̀ ni ófátáìmù ẹ̀ á ṣe fò lọ láìsí ẹni tó jí i. Franchisee bá wọn yanjú tiẹ̀. McDonald's ńkọ́? Kọ́ọ̀tù ní kì í ṣe ọ̀gá wọn, pé ìtọ́ni tó ń fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kí ọjà dára ni àti kí orúkọ má bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ èrò mi níbí. Mo mọ̀ pé adájọ́ tẹ̀lé òfin tó wà nílẹ̀. Àmọ́ sọ́fítíwíà tó ń ka wákàtí èèyàn, kí ló kàn án pẹ̀lú bí bọ́gà ṣe dùn tó? Ojú oníbàárà ò tó o, kò mọ̀ ọ́n, kò sí nínú orúkọ. Òfin àmì òwò ní kó o ṣọ́ ohun tí oníbàárà máa bá pàdé, kò ní kó o ṣọ́ wákàtí ẹni tó ń din ànàmọ́. Níbi tí búráńdì bá ti kọjá ohun tí orúkọ nílò, tó wọ inú nǹkan tó jẹ́ ti iṣẹ́ àti owó iṣẹ́, kò yẹ kó tún máa fi orúkọ ṣe asà. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fa ìlà sí, kì í ṣe níbi tí wọ́n fà á sí yìí.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti písà yìí tiẹ̀ tún bàjẹ́ pátápátá tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń tà. Písà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ṣe é wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ńkọ́? Ẹni tó ń wẹ màmá arúgbó nílé ńkọ́? Ọwọ́ yẹn gan-an ni ọjà. O ò lè darí ọjà kó o má darí ọwọ́. Ẹ̀yin tó ti ra irú franchise bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹjọ́ Coverall ní Massachusetts nìyẹn. Kọ́ńpìnì ìmọ́tótó ni, ó ń ta franchise fún àwọn èèyàn tó máa fọwọ́ ara wọn gbálẹ̀. Kọ́ńpìnì yẹn ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ owó, òun ló ń fi bílì ránṣẹ́, òun ló ń gba owó, á yọ tiẹ̀, á wá fún ẹni tó gbálẹ̀ ní ìyókù. Kọ́ńpìnì ní òṣìṣẹ́ kọ́ ni àwọn tó ń gbálẹ̀ yìí, oníbísínẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Òfin Massachusetts ní o ò lè sọ ẹnì kan di oníbísínẹ́ẹ̀sì tí iṣẹ́ tó ń ṣe bá jẹ́ iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe. Coverall wá fèsì pé ìmọ́tótó kọ́ ni iṣẹ́ òun, iṣẹ́ òun ni kí òun máa ta franchise. Adájọ́ Young ní 2010 ò gbà rárá, ó ní tẹ́ ẹ bá pe títa franchise ní iṣẹ́ tó dá dúró fúnra ẹ̀, ó fẹ́ dà bíi jìbìtì Ponzi, kí wọ́n máa gba owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn san ti ẹni tó ti wà níwájú. Nígbà tó fi máa di 2011, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní owó franchise tí òṣìṣẹ́ san kó tó lè ríṣẹ́ ṣe, owó tó fi ra iṣẹ́ ara ẹ̀ ni, òfin ò sì fàyè gba kí èèyàn ra iṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka gbólóhùn yẹn, mo rántí bí àwọn kan ṣe máa ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé kí wọ́n tó bá a wá iṣẹ́ ìjọba. Ohun kan náà ni, tibí kàn gbé súùtì wọ̀ ni.

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, wọ́n ní bí ò bá ṣoni lẹ́sẹ̀, á fúnni nítan. Àwọn èèyàn yẹn san owó ṣòkòtò, ó sì fún wọn nítan.

Ẹ má wá rò pé gbogbo ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ló lọ síbi kan náà. Àwọn franchisee ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ní Massachusetts yẹn kan náà pe ẹjọ́ pé òṣìṣẹ́ làwọn. Ní 2022 kọ́ọ̀tù ní òfin yẹn kan franchise lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè sá fún un. Inú wọn dùn. Ní 2024 kọ́ọ̀tù kan náà ní pé ẹ̀ ń san owó fún 7-Eleven nìkan ò túmọ̀ sí pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún un. Inú wọn ò dùn mọ́.

Ti NLRB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Washington, mi ò ní jókòó sórí ẹ̀. 2015 wọ́n ní tó o bá kàn láṣẹ láti darí, kódà tó o ò bá lò ó, o ti di ọ̀gá kejì. 2020 wọ́n yí i, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdarí tààrà. 2023 wọ́n tún yí i padà. Ní March 2024 adájọ́ kan ní Texas fagi lé ti 2023 kó tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ààrẹ tuntun, òfin tuntun, kí èèyàn má kọ́lé sórí yanrìn yẹn.

Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni èyí. Àwọn búráńdì ń pariwo ní kọ́ọ̀tù pé àwọn àti franchisee, kọ́ńpìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kí wọ́n má pe àwọn ní ọ̀gá òṣìṣẹ́ ẹlòmíì. Ó dáa. Àmọ́ nínú kọ́ńtráàtì kan náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé franchisee kan ò gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ franchisee míì. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó wà lójú títì yìí, tí ẹ̀ka tó wà lódìkejì bá fẹ́ fún yín lówó tó jù ú lọ, kò lè gbà yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Krueger àti Ashenfelter wò ó ní 2017, wọ́n rí i nínú kọ́ńtráàtì ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn búráńdì ńlá. Tó bá wá jẹ́ pé kọ́ńpìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yín lóòótọ́, kọ́ńpìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó pàdé pọ̀ kí owó òṣìṣẹ́ má bàa lọ sókè, òfin ní orúkọ fún ìyẹn, kì í sì í ṣe orúkọ dáadáa. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Washington mú búráńdì tó ju 200 lọ yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Ẹjọ́ McDonald's lórí ẹ̀ dé iwájú adájọ́ ní 2023, adájọ́ tó sì kọ ìdájọ́ pé kí ẹjọ́ náà ṣì máa lọ, Easterbrook wa ọjọ́sí ni, ti aṣọ ìyàwó.

California ní tiẹ̀ wá gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ sínú òfin pé búráńdì àti franchisee á jọ ru ẹrù òṣìṣẹ́, àwọn búráńdì gbé owó síta láti bá a jà. Wọ́n jókòó, wọ́n dúnàádúrà. Wọ́n yọ jíjọ ru ẹrù yẹn kúrò, wọ́n sì fi owó oṣù rọ́pò ẹ̀: láti April 1, 2024, òṣìṣẹ́ fast food ní búráńdì tó bá ní ẹ̀ka tó tó 60 káàkiri Amẹ́ríkà, $20 ni wákàtí kan, ó kéré tán. Ẹ wò ó dáadáa. Wọn ò bèèrè iye ẹ̀ka tí franchisee ní. Ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ní ní Fresno, orúkọ tó wà lójú pátákó ẹ̀ ni wọ́n fi kà á. Orúkọ tí wọ́n ní kò kan ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, òun náà ni wọ́n wá fi ń wọn owó òṣìṣẹ́. Franchisee ló sì ń san án, búráńdì ń gba ìpín tiẹ̀ lórí ọjà bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan ti ń juwọ́ pé ilé ńkọ́, òun fẹ́ gbé búráńdì kan lọ sí Nàìjíríà. Kúkúrú ni mo máa sọ. Trade Marks Act wa ti 1965 fàyè gba ẹni tó ń lo àmì ẹlòmíì, wọ́n á forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bí ìdarí ẹni tó ni àmì ṣe máa tó lórí ẹ̀. Kọ́ńtráàtì tó bá ti jẹ mọ́ lílo àmì òkèèrè, NOTAP, àjọ ìjọba tó ń forúkọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 60, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ò ní gba báńkì jáde. Ní ti òṣìṣẹ́, ẹ rántí pé Coca-Cola ti wà lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company láti àwọn ọdún 1950, orúkọ ti òkèèrè, òṣìṣẹ́ ti ilé, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ti àwọn awakọ̀ Uber l'Ékòó ní 2018, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti pè wọ́n ní òṣìṣẹ́. Ẹ̀rí, ẹ gbọ́ o. Ìwé yín ni kẹ́ ẹ tọ́jú.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ti àǹtí kan ni mo rántí jù. Wọ́n ní franchise ìtọ́jú arúgbó, ó ti pé ọdún mẹ́rin, wọ́n ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní, "Lọ́yà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá pe èmi àti búráńdì lẹ́jọ́, tí kọ́ọ̀tù sì ní búráńdì náà lọ̀gá, ṣé á bá mi san nínú ẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n wo ibi tí wọ́n kọ indemnity, ìyẹn ìlérí láti ru gbèsè ẹlòmíì, sí nínú kọ́ńtráàtì. Wọ́n ní ó wà nínú mọ́tò. Wọ́n lọ gbé e wá, ìwé tó nípọn bíi Bíbélì, wọ́n fi gíláàsì sójú, a jọ ń wá a. A rí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohunkóhun tí òṣìṣẹ́ wọn bá gbà lọ́wọ́ búráńdì, àǹtí fúnra wọn ló máa dá a padà fún búráńdì, pẹ̀lú owó lọ́yà búráńdì lórí ẹ̀.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ gíláàsì. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni kọ́ńtráàtì máa parí kí àwọn tó tún un ṣe, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, mo kà á fún wọn: ó ku oṣù méje.